Gééjì ọlọ́wọ́ méjì tí bàbá àgbà fi sílẹ̀, ṣé ti rélùwéè ni?

Ọmọ_Ọ̀yìngbò:
Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Bàbá bàbá mi ṣiṣẹ́ ní rélùwéè Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta títí wọ́n fi rìtáyà. À ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá la bá rí gééjì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, idẹ ni, ó wúwo bí ọmọ ọlọ, ọwọ́ méjì ló ní bíi ti aago, nọ́ńbà rẹ̀ lọ láti 0 dé 30, wọ́n kọ INCHES sójú ẹ̀. Gíláàsì ẹ̀ ti fọ́, kí n tó ṣẹ́jú àbúrò mi ti fi Brasso bò ó, ojú ẹ̀ gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀, 10 sí 15 ti ń pa rẹ́ báyìí. Ọwọ́ kan tún há sórí 4. Ẹni tó ń ra kọ̀ǹdẹ́mù ládùúgbò ti ní ká gbé e wá. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá_Táwà:
Èmi rò pé ti fọkanáísà ni 😂

Bàbá_Gééjì:
Àbúrò, ẹ gba Brasso lọ́wọ́ ọmọ yẹn! Ara ìta lè gbà á, ojú inú ò gbà á rárá, àwọ̀ fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi pa á, ẹ nù ún lẹ́ẹ̀kan ó ti lọ, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ dá a padà nílé.

Ní ti pé ṣé ti rélùwéè ni. Gééjì ọlọ́wọ́ kan tí wọ́n kọ LBS sí, ìyẹn èyí tó ń wọn bí ooru omi ṣe ń tì í tó, lè wá látara bọ́ílà ilé iṣẹ́ èyíkéyìí, ọ̀pọ̀ ló ti fowó gidi ra irú ẹ̀ lórúkọ rélùwéè. Ọlọ́wọ́ méjì tó tún jẹ́ INCHES yìí, ìyẹn èyí tó ń fi ínṣì wọn bí wọ́n ṣe fa afẹ́fẹ́ jáde tó, ti bíréèkì ọkọ̀ ojú irin ni mo máa pè é. Láyé ọjọ́sí wọ́n á fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù tó gba abẹ́ gbogbo kọ́ọ̀ṣì kọjá, ìgbà yẹn ni bíréèkì máa tú, bí dírẹ́bà bá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé padà á dì mú. Kódà bí kọ́ọ̀ṣì bá já lójú ọ̀nà, fúnra ẹ̀ ló máa dúró. Ọwọ́ kan ń ka páìpù yẹn, ìkejì ń ka ibi tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ sílẹ̀ de bíréèkì. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn, nǹkan bíi ínṣì 21 lójú gééjì ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń rìn.

Inú ẹ̀, páìpù pẹlẹbẹ kan ló ká bíi lẹ́tà C, Bourdon ará Faransé ló gbé e jáde ní 1849. Ṣé ẹ mọ rọ́bà tí àwọn tó ń fọ mọ́tò ń lò, bó ṣe máa ń fẹ́ nà tí wọ́n bá ṣí omi sí i? Bó ṣe ń ṣe nìyẹn, àmọ́ tiyín, ńṣe ló ń túbọ̀ ká bí afẹ́fẹ́ ṣe ń jáde. Èyí tó há sórí 4 yẹn, ẹ má fi sípánà kàn án.

Ìsàlẹ̀_Èkó:
Ẹ má gbé e fún kọ̀ǹdẹ́mù o, ìwọ̀n kílò idẹ ló máa san. Jaekel House wà nínú kọ́ḿpáùndì rélùwéè lẹ́bàá yín níbẹ̀, 1898 ni wọ́n kọ́ ọ, ohun àtijọ́ rélùwéè ló wà níbẹ̀, ẹ gbé e lọ fi hàn wọ́n. Tèmi ni pé mò ń wá ohunkóhun tó bá jẹ́ ti tíráàmù, èyí tó ń ti Ìdó gba orí afárá Carter wọ Èkó láti 1902 títí dé 1933. Ìbọ́tìnnì yúnífọ́ọ̀mù lásán mi ò tíì rí!

Ìyá_Táwà:
Ó dáa, ẹ̀fẹ̀ ti tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra irú ẹ̀, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé níbo ló ti rí i. Ẹnì kan ládùúgbò wa ra irin ojú ọ̀nà rélùwéè, ó ní òun á fi ṣe tábìlì, ọjọ́ mẹ́ta ló lò ní tẹ́ṣàn.

Ọmọ_Ọ̀yìngbò:
Ẹ ṣé gan-an o. Mo fi aṣọ gbígbẹ nu ẹ̀yìn ẹ̀, N.R. ló wà níbẹ̀.

Bàbá_Gééjì:
Há! Nigerian Railway ni wọ́n ń jẹ́ kó tó di Corporation ní 1955. Ẹ fi fọ́tò sí i, ẹ̀yìn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà.

Ọmọ_Ọ̀yìngbò:
Ó di alẹ́, NEPA ti mú iná lọ. Màmá mi ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá, Brasso sì wà nínú báàgì wọn.