Fluoride pọ̀ jù nínú omi kànga wa, asẹ́ wo ló lè mú un?

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èsì àyẹ̀wò omi wa jáde: fluoride, èròjà kan tó máa ń wà nínú omi, jẹ́ mílígíráàmù 4 nínú lítà kan, bẹ́ẹ̀ 1.5 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe òpin. Eyín àwọn ọmọ mi ti ń ní àbàwọ́n, ọkàn mi ò balẹ̀. Mò ń se omi náà. Ṣé kí n fi èédú kún un?

Àdìsá Olómi: Ẹ kú àníyàn àwọn ọmọ. Sísè ń pa kòkòrò, àmọ́ kì í lé fluoride. Omi ló ń gbẹ lọ, fluoride á wá ki sí i. Èédú igi ò fi bẹ́ẹ̀ mú un. Activated alumina lèmi ń lò. Hóró funfun ni, ihò wẹ́wẹ́ kún ara rẹ̀, ibẹ̀ ni fluoride ń lẹ̀ mọ́. Ó ń ṣiṣẹ́ jù tí pH omi (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) bá wà láàárín 5.5 sí 6. Tèmi wà ní 8, n ò mọ̀, asẹ́ náà kún kíákíá. Ó dùn mí gan-an.

Aláṣẹ́: Èédú egungun náà dáa. Tí iná tí wọ́n fi sun ún ò bá tó, omi á máa rùn. Tó bá jóná jù, kò ní mú fluoride dáadáa mọ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé asẹ́ ti kún?

Àdìsá Olómi: Ojú ò lè rí i, ẹnu ò lè tọ́ ọ wò. Àyẹ̀wò ni, lóṣooṣù.