Ṣé ó yẹ kí ìjọba máa náwó sórí dídènà àrùn lára ọmọdé?

Ìyá Àìná, Ẹ̀pẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo gbé ọmọ mi tí ó pé oṣù 9 lọ gba àjẹsára èéyi àti ti ibà pọ́njú. Ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba owó káàdì. Obìnrin kan tí ó ti ná owó ọwọ́ rẹ̀ tán sórí ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé e sọdá ọ̀sà kò rí i san, ó sì pọn ọmọ rẹ̀ padà bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ní ojúṣe òbí ni, pé àwọn tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀ ni kí ìjọba náwó lé lórí. Kí ni ẹ rí sí i?

Ará Ejìnrìn:
Ọkọ yín kò jẹ̀bi tán. Mo ti gbé ọmọ tí ibà ti di gìrì sí lára dé ilé ìwòsàn tí kò ti sí oògùn, n kò sì lè gbàgbé òru ọjọ́ náà.

Nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì:
Mo bá yín kẹ́dùn òru yẹn. Èéyi ni èmi bẹ̀rù jù nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé ó ń ràn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, bí àwọn ọmọ tí ó gba àjẹsára kò bá tó bí i 95 nínú 100, kò ní yé tàn kálẹ̀, ìkókó tí kò sì tíì tó gba abẹ́rẹ́ kò ní ààbò ju pé kí àwọn tí ó yí i ká ti gbà á. Ọmọ tí wọ́n dá padà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ nìkan.

Ẹ rántí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ojúlé dé ojúlé ni a gbé kúlà kọ́ èjìká kiri, a kò bi ẹnikẹ́ni léèrè owó káàdì, ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n sì kéde pé kòkòrò rẹ̀ ti àdáyébá kò sí ní Áfíríkà mọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba san náà nìyẹn: káàdì, epo ọkọ̀ ojú omi tí nọ́ọ̀sì yóò wọ̀ lọ bá àwọn ará etí ọ̀sà, àti iná fìríìjì, nítorí pé abẹ́rẹ́ tí ooru bá ti bàjẹ́ kò lè dáàbò bo ọmọ kankan.

Ará Ejìnrìn:
Mo gbọ́, Màmá. N kò ronú dé ibi ti ìkókó yẹn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má tìtorí abẹ́rẹ́ gbàgbé oògùn.

Ìyá Àìná:
Ẹ ṣeun, Màmá. Ṣé obìnrin náà ṣì lè gbé ọmọ rẹ̀ padà wá?

Nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì:
Kò tíì pẹ́ jù rárá. Ẹ bá wa wá a rí.

Ìyá Àìná:
Ó ní ẹja ni òun ń kó wá sí ọjà Olúwo. Ibẹ̀ ni n ó ti wá a, owó káàdì yóò sì wà lọ́wọ́ mi.