Wúrà tí mo rí lódò, níbo ló wà?

Ọmọ Òṣómàáló:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Sátidé, mò ń bọ̀ láti oko kòkó bàbá mi lẹ́yìn Iléṣà, agbègbè tí wọ́n ti ń wa wúrà. Mo dúró fọ bàtà lódò, ni nǹkan kan bá kọ mànà lábẹ́ omi. Wúrà! Mo wọ odò tòun ti ṣòkòtò, mo bù ú pẹ̀lú iyanrìn, mo dì í mọ́wọ́ bí ẹni tó gbá tata mú. Kí n tó la ọwọ́, mo ti ra ọ̀kadà tuntun lọ́kàn. Mo fi èékánná kàn án, ó bá ń ṣí pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Òkúta dídán lásán.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé mo rí wúrà àbí n kò rí i? Bí n kò bá rí i, kí ló tì mí sómi? Bí mo bá rí i, ó dà? Wọ́n ní àwọn ará Íńdíà ti bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ yìí títí.

Tíṣà Òkè-Ọjà:
Wọ́n fà á dáadáa. Àpẹẹrẹ tiwọn ni ìkarahun tó ń dán, tí ẹnì kan rí tó pè ní fàdákà. Prabhakara, onímọ̀ kan nínú ẹgbẹ́ onímọ̀ Íńdíà tí wọ́n ń pè ní Mimamsa, ní kò sí ìmọ̀ èké rárá. Nǹkan dídán lo rí, òótọ́ ni. Wúrà lo rántí, òótọ́ náà ni. O kàn gbàgbé láti ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni. Akhyati ni wọ́n ń pè é, àìkíyèsí ìyàtọ̀ nìyẹn.

Ìyá Aláṣọ:
Tíṣà, n kò gbà. Àìkíyèsí kì í náwó. Mo ra sányán kan lọ́dún tó kọjá. Mo fọwọ́ ra á, mo ní sányán nìyí, mo tú ìdí aṣọ, mo sanwó. Ilé ni mo ti rí i pé òwú tí wọ́n pa láró ni. Bí mo bá rí aṣọ lọ́tọ̀, tí mo rántí sányán lọ́tọ̀, kí ló mú mi tú ìdí aṣọ? Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n lójú mi.

Tíṣà Òkè-Ọjà:
Ẹ sọ ọ̀rọ̀ àwọn Nyaya, ẹgbẹ́ onímọ̀ mìíràn, gan-an, ìyá! Wọ́n ní wúrà náà wà, àmọ́ níbòmíràn, ní ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà. Ìrántí ló gbé e wá lé òkúta lórí, ojú sì rí i bẹ́ẹ̀. Anyathakhyati ni wọ́n ń pe ìyẹn, rírí nǹkan bí nǹkan mìíràn. (Èmi ò tíì mọ bí ojú ṣe ń rí ohun tó wà ní ìsọ̀ ẹlòmíràn.) Yogacara, àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, ní inú ọkàn rẹ ló wà, ìwọ lo gbé e síta. Àwọn Advaita, ẹgbẹ́ onímọ̀ tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn Shankara, ló yà mí lẹ́nu jù. Wọ́n ní wúrà tí o rí yẹn kì í ṣe ohun tó wà, torí ìmọ̀ tó tẹ̀lé e ti pa á rẹ́. Kì í sì í ṣe ohun tí kò sí, torí ohun tí kò sí, bí ìwo ehoro, ò fara han ẹnikẹ́ni rí. Ẹnu ò lè pè é ní ọ̀kan nínú méjèèjì.

Àgbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà:
Ramanuja, onímọ̀ Íńdíà mìíràn, ńkọ́? Òun ní díẹ̀ nínú ohun tó di fàdákà wà nínú ìkarahun lóòótọ́. Èyí tó pọ̀ jù là ń fi pe nǹkan. Ọ̀gbẹ́ni, ilẹ̀ wúrà lo dúró sí o. Òkúta yẹn dà?

Ọmọ Òṣómàáló:
Mo ti sọ ọ́ padà sódò. Ẹ jẹ́ n wá bàtà mi.