Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún kí n tó sọ ọ́. Ta ni mo lè fọ̀rọ̀ lọ̀ báyìí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ mi hàn. Láti ìgbà ọmọge mi ni mo ti mọ̀ pé obìnrin lọkàn mi ń fà sí, mo kàn gbé e mì ni. Lóṣù tó kọjá, mo là á yé àkọ́bí mi. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, “Mọ́mì, pẹ̀lú ọjọ́ orí yín?” Látìgbà náà, tí mo bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, á kà á, kò ní fèsì. Ọkọ rẹ̀ ló ń dá mi lóhùn, ẹni tí kì í pè mí àfi tí wọ́n bá fẹ́ kí n wá bá wọn tọ́jú ọmọ! Òun ló ní kí n má tíì wá wo àwọn ọmọ-ọmọ mi. Mo wá ẹgbẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọdé tó ń jó ló kún ibẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ fún ọmọ náà láyè.

Bàbá Tólú: Àìsàn ni. Ẹ lọ gba ìtọ́jú.

Akin: Bàbá Tólú, ẹ má ṣi èèyàn lọ́nà. Láti 1990 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti yọ ọ́ kúrò nínú ìwé àìsàn wọn. Mà, oníṣègùn tó bá lóun máa wò ó sàn, ẹ sá fún un.

Bàbá Tólú: Ìwọ lo mọ̀wé jù.

Dúpẹ́: Bàbá tèmi náà ti dàgbà kí wọ́n tó sọ fún wa. Mi ò bá wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹgbẹ́ PFLAG ló là mí lójú. Òbí àti ẹbí àwọn tọ́rọ̀ wọn rí bíi tiyín ló ń pàdé níbẹ̀, láti 1973 ni wọ́n ti wà. Ti àwọn àgbà bíi tiyín ni SAGE, kì í ṣe ibi ijó.

Ẹni tó béèrè: O ṣé, Dúpẹ́. Bàbá Tólú, mi ò bi yín nípa àìsàn. Mi ò sì lè fún ọmọ láyè kankan, ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Láyè náà ni mo wí o.

Ṣọlá: Mà, bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ ò dárúkọ wọn rárá.

Ẹni tó béèrè: Wọ́n wà ńlé. Wọn ò tíì mọ̀. Mo ní kí ọmọ má sọ fún wọn.

Dúpẹ́: Háà, Mọ́mì! Báwo ló ṣe fẹ́ máa pe ilé, kí bàbá rẹ̀ gbé fóònù, kó máa purọ́? Ẹrù yẹn ló ń sá fún.

Ìyá Ìbejì: Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ẹ tètè sọ fún bàbá lónìí.

Akin: Lónìí kẹ̀? Kí la mọ̀ nípa bàbá? Mà, ta ló ni ilé? Owó yín wà lọ́wọ́ ara yín? Báwo lòfin ibi tí ẹ wà ṣe rí? Kí ẹ ní ibi tí ẹ lè sùn ná, kí ẹ tó la ẹnu.

Ẹni tó béèrè: Wọn kì í ṣe oníjà. Àwa méjèèjì la nilé. Ojú wọn ni mi ò lè wò.

Dúpẹ́: Straight Spouse Network wà fún irú wọn, ọkọ tàbí aya tí wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún. Ẹ mú un dání lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́.

Ẹni tó béèrè: Ṣé àgbà ọkùnrin máa ń wà níbẹ̀?

Bàbá Tólú: Mi ò yí ohùn mi padà. Àmọ́ ọkọ ọmọ yín ti mọ̀, ọkọ yín ò mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ìyẹn.