Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: níbo la lè kó àwọn ọmọ lọ bí òtútù ṣe ń kásẹ̀ nílẹ̀ yìí?

Ìyá Mẹ́ta
Ẹ kú òtútù o, gbogbo ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ wa: àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún 9, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 5, àbíkẹ́yìn ò tíì pé oṣù 6. Ìyá ọkọ mi náà wà pẹ̀lú wa, orúnkún ń dùn wọ́n díẹ̀. Látìgbà tí òtútù ti mú, inú ilé la wà: tẹlifíṣọ̀n, fóònù, ìjà, ẹkún. Oòrùn ti ń yọjú báyìí, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ ò ṣeé gbọ́kàn lé. Láàárọ̀ ilẹ̀ á dì, á le koránkorán. Lọ́sàn-án gbogbo rẹ̀ á ti yọ́ di ẹrẹ̀, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́ òjò á tún dé. Ọkọ mi ní ká ní sùúrù kí ooru dé dáadáa. Èmi ò lè dúró mọ́. Níbo lẹ máa ń kó àwọn ọmọ lọ ní irú àsìkò yìí? Kí lẹ máa ń wọ̀ fún wọn? Ìrìn àjò ọlọ́nà jíjìn kọ́ là ń wá o, ohun tí a lè máa ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni.

Ìyá Ìbejì
Ìyá Mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ má dúró de ooru. Ẹni tó bá ní òun ń retí ọjọ́ tó dára, inú ilé ni oṣù karùn-ún máa bá a.

Tèmi ni pé kí ẹ mú ibì kan ṣoṣo tó sún mọ́ ilé, tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé kí àbíkẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kó ní igi, kó sì ní omi díẹ̀ bó bá ṣeé ṣe. Ẹ máa lọ síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé, ọ̀nà kan náà, títí ewé á fi kún orí igi. Ó lè dà bíi pé á sú àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n àsìkò yìí gan-an ni ibì kan náà kì í rí bákan náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Òdòdó funfun tí wọ́n ń pè ní snowdrop wà lára àwọn tó máa ń kọ́kọ́ yọ, ó lè gba inú yìnyín jáde pàápàá. Crocus á tẹ̀ lé e, aláwọ̀ àlùkò àti aláwọ̀ ìyeyè, kí daffodil tó dé. Bí ọmọ ọdún 9 bá béèrè ìdí tí òdòdó ilẹ̀ fi ń kánjú, ẹ ní kó wòkè. Igi ò tíì ní ewé, gbogbo ìmọ́lẹ̀ ló ń dé ilẹ̀. Tí ewé bá bo òkè tán, ìsàlẹ̀ á ṣókùnkùn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tètè ṣe tiwọn.

Ọmọ ọdún 5 ní tirẹ̀, ẹ fún un ní igi kan. Òun ni kó yàn án, kó sì sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ wá ẹ̀ka tó rẹlẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, kó fi ìka kan ṣóńṣó rẹ̀ níbi tí ewé tuntun ti ń múra. Ti àwọn igi kan ní oje tó ń lẹ̀ mọ́ ìka. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń gorí ọ̀sẹ̀, èèpo tó bo ṣóńṣó yẹn á la, ẹ ó sì rí ewé kékeré kan tó ká jọ sínú rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n pa dé. Ọmọ tó bá ti rí ìyẹn, òun ló máa jí yín ní Sátidé.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́: ìdí daffodil tó wà nínú ilẹ̀ jọ àlùbọ́sà gan-an, májèlé sì ni. Ọmọ ò gbọdọ̀ fi sẹ́nu.

Bàbá Oníkẹ̀kẹ́
Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni tèmi, torí aṣọ ló ń ba ìjáde jẹ́ jù. Òtútù gidi rọrùn: kóòtù ńlá, ó parí. Àsìkò yìí ló ṣòro, nítorí ọmọ á jáde nínú òtútù, á sáré nínú oòrùn, á làágùn, á tún padà wálé nínú afẹ́fẹ́. Ẹ wọ aṣọ lórí aṣọ fún wọn. Èyí tó kan ara má ṣe jẹ́ òwú, torí òwú ń fa òógùn mọ́ra, kì í tètè gbẹ, ara á sì tutù. Aṣọ tí wọ́n fi irun àgùntàn hun sàn jù ú lọ. Bó tilẹ̀ rin, ó ṣì ń mú ara móoru. Súwẹ́tà tó rọrùn láti bọ́ á wà lórí rẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí òjò àti afẹ́fẹ́ ò lè gbà kọjá á sì wà lókè pátápátá. Kí ọmọ tó làágùn ni kí ẹ bọ́ súwẹ́tà o.

Bàtà rọ́bà ni fún ẹsẹ̀, kí ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ sì wà nínú báàgì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí omi bá wọ bàtà lójú ọ̀nà, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ fún un, ẹ ki ẹsẹ̀ náà bọ ọ̀rá, kí ẹ tó dá a padà sínú bàtà tó rin. Ẹsẹ̀ ò ní rin títí ẹ ó fi délé. Tí ẹ bá délé, ẹ rún ìwé ìròyìn sínú bàtà náà, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti ń mu omi. Ẹ má gbé e ti ẹ̀rọ amúlémóoru, á bà jẹ́.

Bó bá sì jẹ́ ọkọ̀ lẹ máa wọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ kóòtù tó nípọn lára ọmọ kí ẹ tó dè é mọ́ àga rẹ̀. Kóòtù tó wú máa ń jẹ́ kó dà bíi pé bẹ́líìtì ti fún. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, kóòtù yẹn á fún pọ̀, bẹ́líìtì á dẹ̀, ọmọ sì lè yọ̀ jáde. Ẹ dè é tán ná, kí ẹ wá fi kóòtù náà bò ó láti iwájú.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àbíkẹ́yìn. Kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ tutù kò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni kí ẹ fọwọ́ bà. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó sì gbẹ, kò sí wàhálà. Bó bá rin fún òógùn, aṣọ ti pọ̀ jù. Ọmọ tí ò tíì pé oṣù 6, abẹ́ ìbòòji ni kí ẹ fi í sí, kì í ṣe ìpara oòrùn ni kí ẹ gbára lé. Ẹ má sì fi aṣọ bo ẹnu kẹ̀kẹ́ ọmọ náà pátápátá, inú rẹ̀ á gbóná ju bí ẹ ṣe rò lọ, afẹ́fẹ́ ò sì ní wọlé.

Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílò ìpara. Afẹ́fẹ́ tutù máa ń tan èèyàn jẹ. Ní apá àríwá ayé, bí oòrùn ṣe ga tó ní 20 oṣù kẹrin náà ló ṣe ga tó ní nǹkan bí 22 oṣù kẹjọ. Bí yìnyín bá sì ṣì wà nílẹ̀, ó ń da ìtànṣán náà padà sójú ọmọ láti ìsàlẹ̀.

Eégbọn náà ńkọ́? Kì í dúró de ooru gidi. Bí ojú ọjọ́ bá ti kọjá bíi 4°C, ó lè jáde, inú koríko gíga àti ewé gbígbẹ ló máa ń ba sí. Tí ẹ bá ti inú igbó dé, ẹ yẹ ara àwọn ọmọ wò: ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, ẹ̀yìn etí, inú irun, ìdodo. Èyí tó bá ti jẹ wọ́n, ẹ má fi iná jó o, ẹ má fi ìpara pa á lára. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré tí ẹnu rẹ̀ tín-ínrín dì í mú nítòsí awọ, kí ẹ fà á jáde gbọnrangandan láìyí i. Bí ibẹ̀ bá pọ́n tó ń fẹ̀ sí i láàárín oṣù kan, tàbí ibà dé, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì sọ pé eégbọn jẹ ọmọ.

Bí ojú bá ń yún ọmọ, tó ń sín láìní ibà, ó lè má jẹ́ òtútù ló mú un. Igi alder àti hazel máa ń tú lẹ́búlẹ́bú òdòdó wọn sínú afẹ́fẹ́ kí ewé wọn tó yọ rárá. Ẹ pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, kí ẹ sì fi omi ṣan irun rẹ̀ tí ẹ bá wọlé.

Ọmọ Odò
Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láti òkè, mo ń retí kí ẹnì kan mẹ́nu ba omi dídì. Ìyá Ìbejì ní kí wọ́n wá ibi tó ní omi, mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi yékéyéké: ní ìparí ìgbà òtútù, ẹsẹ̀ ọmọ ò gbọdọ̀ kan omi dídì rárá, bó ti wù kó nípọn tó. Yíyọ́ ọ̀sán àti dídì òru ti jẹ ẹ́ nínú. Ó lè ki lójú, kó sì já lábẹ́ ẹsẹ̀ lójijì. Ibi tí odò ti ń wọ inú adágún, ibi tó ń gbà jáde àti abẹ́ afárá, ibẹ̀ ló burú jù.

Ẹ bá ọmọ ọdún 9 yẹn sọ ọ́ nílé, kí ẹ tó jáde. Bọ́ọ̀lù tó bá yí lọ sórí omi dídì ti lọ nìyẹn. Ajá tó bá sáré lọ síbẹ̀, a kì í tẹ̀ lé e. Bí èèyàn bá sì jìn sínú rẹ̀, ẹ má sáré bá a. Ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì, ẹ pariwo fún un pé kó yíjú sí ibi tó ti wá, kó máa ta ẹsẹ̀ bí ẹni ń lúwẹ̀ẹ́, kó sì gbìyànjú láti fi àyà wọ́ jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí ilẹ̀, ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ na igi tàbí okùn tàbí kóòtù sí i. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìgbádùn ni Ìyá Mẹ́ta bá wá, ṣùgbọ́n mi ò lè ka èyí kí n máa lọ.

Tí omi bá ti yọ́ tán, ẹ̀bá rẹ̀ dùn ju ibikíbi lọ. Ẹ wá ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ níbi tí kò jìn: ìdì kan tó mọ́ gaara, tó ń yọ̀, tí àmì dúdú kéékèèké kún inú rẹ̀. Kí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ wò ó, kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Àwọn àmì yẹn á ti máa yí ìrísí padà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Yúróòpù, ẹ tún máa wòkè láti oṣù kẹrin. Alápàńdẹ̀dẹ̀ tí ẹ máa rí, Áfíríkà ló ti lo ìgbà òtútù rẹ̀, ó fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Olùkọ́ Kíláàsì Kejì
Mo ta ko Ìyá Ìbejì díẹ̀, kí ẹ má bínú. Ibì kan náà ní gbogbo Sátidé dára fún ọmọ ọdún 5, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 9 á fẹ́ nǹkan tó le sí i. Ẹ fún un ní káìtì. Afẹ́fẹ́ àsìkò yìí dára fún un, pápá sì ṣófo. Ẹ kàn rí i pé ẹ jìnnà sí wáyà iná. Bó bá ní kẹ̀kẹ́, ẹ jọ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó gùn ún: ẹ fún táyà ní afẹ́fẹ́, ẹ dán bíréèkì wò, ẹ wò bóyá àga rẹ̀ ò ti kéré jù fún un, torí ọmọ ń dàgbà nígbà òtútù náà.

Ọjọ́ tí òjò bá lágbára, ilé ìkàwé àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà níbẹ̀. Ẹ má wo gbogbo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tán lẹ́ẹ̀kan. Yàrá kan tó, kẹ́ ẹ máa lọ sílé.

Ní ti ẹrẹ̀ ọ̀nà inú igbó, àárín rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà kọjá. Tí gbogbo èèyàn bá ń yà fún ẹrẹ̀ náà, ọ̀nà á máa fẹ̀ sí i, wọ́n á sì tẹ àwọn òdòdó tí a ní ká lọ wò pa.

Ìyá Mẹ́ta
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ọkọ mi ti ka ti Ọmọ Odò, ó sì ti bá àkọ́bí sọ̀rọ̀. Ìbéèrè méjì ló kù. Màmá ní àwọn ò fẹ́ dúró nílé nìkan, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà wọ́n kí wọ́n má ṣubú. Èkejì, ọmọ ọdún 5 kì í fẹ́ padà wálé, igbe ló máa ń gbẹ̀yìn ìjáde wa. Mo sì gbọ́ pé wọ́n máa sún aago síwájú ní wákàtí kan láìpẹ́. Ṣé oorun wọn ò ní dàrú?

Bàbá Àgbà
Ẹ kú ìtọ́jú màmá, ọmọ mi. Yìnyín tó yọ́ lọ́sàn-án á tún dì lóru, àárọ̀ kùtùkùtù ló máa ń gbé àgbàlagbà ṣubú jù. Ẹ jáde láàárín aago 11 sí aago 3. Kí wọ́n máa gbé ẹsẹ̀ kúkúrú, kí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kí ọwọ́ má sì sí nínú àpò. Ẹ mọ ibi tí bẹ́ǹṣì wà kí ẹ tó lọ, kí ẹ mú tìmùtìmù kan dání, torí bẹ́ǹṣì tutù ò dára fún orúnkún. Ẹ wá fún wọn níṣẹ́: ọ̀dọ̀ wọn ni báàgì á wà, ọ̀dọ̀ wọn sì ni àwọn ọmọ á máa sáré padà wá sọ ohun tí wọ́n rí. Ọ̀rọ̀ àbíkẹ́yìn náà á fúyẹ́ fún yín.

Ti pé ọmọ ò fẹ́ wálé, ẹ lọ sílé nígbà tí inú rẹ̀ ṣì ń dùn, kó tó rẹ̀ ẹ́, kí ebi tó pa á. Ẹ má sọ fún un pé ó ku ìṣẹ́jú mélòó, kò mọ ìyẹn. Ẹ ní ó ku ẹ̀ẹ̀mẹta lórí jáńgírọ́fà, kí màmá bá a kà á.

Ìyá Ìbejì
Olùkọ́, mo gbà, káìtì dára fún àkọ́bí. Ìyá Mẹ́ta, ti aago rèé: ní ibi tó pọ̀ jù ní Yúróòpù, Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù kẹta ló ń sún síwájú ní wákàtí kan. Ní ibi tó pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, Sọ́ńdè kejì oṣù kẹta ni. Láti Ọjọ́rú tó ṣáájú rẹ̀, ẹ máa fi ìṣẹ́jú 15 tètè gbé wọn sùn ju ti alẹ́ tó ṣáájú lọ, kí oúnjẹ alẹ́ náà tètè yá. Láàárọ̀ Sọ́ńdè yẹn, ẹ ṣí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, kẹ́ ẹ sì kó wọn jáde kó tó di ọ̀sán. Ti àbíkẹ́yìn, ẹ má da ara yín láàmú, á tún tirẹ̀ tò. Lẹ́yìn ìyẹn ilẹ̀ ò ní tètè ṣú mọ́, ẹ lè fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ kún Sátidé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ilé ìwé dé.