Ilé onígi àtijọ́ kan ní abúlé Alabama: báwo la ṣe lè mọ ẹni tó kọ́ ọ?

Ìyá Bọ́lá, Èbúté Mẹ́ta:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ọ̀rọ̀ náà sì ń kánjú.

Àbúrò mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ra ilé kan ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ìlú ńlá. Káúńtì tí wọ́n wà, tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, oko ló pọ̀ jù níbẹ̀: pápá màlúù, igbó páìnì, ilé kan níbí, òmíràn lọ́hùn-ún. Ẹni tó tà á fún wọn kò mọ̀ ju pé ọwọ́ ìyá bàbá òun ni ilé náà ti bọ́ sí òun lọ́wọ́. Kọngílá tí wọ́n pè ní kí wọ́n wó o, kí wọ́n ra ilé tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé wá gbé ka ibẹ̀. Àbúrò mi kò fẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ gbà. Ó ní bí òun bá lè rí àlàyé gidi ṣe lórí ilé náà, ọkọ òun á gbọ́.

Bí ilé ọ̀hún ṣe rí nìyí. Kò kan ilẹ̀, orí òpó bíríkì kúkúrú ló jókòó lé. Yàrá ńlá kan lápá ọ̀tún, òmíràn lápá òsì, ààrò sì wà nínú ìkọ̀ọ̀kan, tí ihò èéfín rẹ̀ gùn ún lẹ́yìn lóde. Ọ̀nà gbọọrọ kan la àárín yàrá méjèèjì kọjá láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ohun tí kò yé mi nìyí: nígbà tó fi fídíò hàn mí, ògiri inú ọ̀nà àárín yẹn jẹ́ pákó tí wọ́n tò lé etí ara wọn bíi ti ìta ilé, ojú rẹ̀ sì ti ṣá, ó rí bí eérú, bí ohun tí oòrùn àti òjò ti pa fún ọdún púpọ̀. Báwo ni òjò ṣe ń pa ògiri inú ilé?

Lẹ́yìn ilé, ilé kékeré kan tún wà, tóóró. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, yàrá mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn sẹ́yìn, ẹ ó gba inú èkíní kẹ́ ẹ tó dé èkejì. Kọngílá ní ibi ìkẹ́rùsí lásán ni.

Ilé bàbá wa àgbà ní Láfíàjì ti di ṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó wó o. Ó ṣì ń dùn mí.

---

Káfíńtà Oko Bàbá:

Ẹ kú àtìlẹ́yìn àbúrò yín, mà. Iṣẹ́ pákó ni mo kọ́, ilé onígi ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì jẹ́ ohun tí mo máa ń kà nípa rẹ̀ gan-an.

Ògiri tí òjò pa yẹn ti dáhùn ìdajì ìbéèrè yín. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé náà, ọ̀nà àárín kò ní ilẹ̀kùn níwájú, kò ní lẹ́yìn. Dogtrot ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀: yàrá méjì, òrùlé kan, àárín rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó wọ́pọ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà, torí ooru ibẹ̀. Atẹ́gùn á máa gba àárín kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, wọ́n a sì tẹ́ ẹní síbẹ̀ lálẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tó yá ni ọ̀pọ̀ ìdílé kan ilẹ̀kùn mọ́ ọn níwájú àti lẹ́yìn, ohun tó jẹ́ ìta wá di inú ilé. Ẹni tó kan ti yín kò bọ́ pákó àtijọ́ kúrò. Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ níbi tó bá wà.

Kí àbúrò yín mú tọ́ọ̀ṣì, kó wo abẹ́ ilé, kó sì gun inú àjà. Kó wo igi tó gbé ilẹ̀ yàrá dúró. Bí ojú igi bá ní àmì àáké, tó rí kánkàn-kànkàn bí ibi tí wọ́n gé díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Bí ó bá jẹ́ àmì ayùn, kó wò ó bóyá ìlà rẹ̀ dúró ṣánṣán tàbí ó tẹ̀ bí òṣùpá. Ayùn tó ń lọ sókè-sódò ló ń fi ìlà tó dúró sílẹ̀, òun ló ṣáájú. Ayùn roboto, tó wọ́pọ̀ láti àárín ọ̀rúndún 19 síwájú, ló ń fi èyí tó tẹ̀ sílẹ̀. Kó yọ ìṣó tó ti ń tú fúnra rẹ̀, kó yí i lọ́wọ́. Ìṣó onígun mẹ́rin ni wọ́n ń lò títí di nǹkan bí ọdún 1890, kí ìṣó roboto tí gbogbo wa mọ̀ lónìí tó gbòde. Ṣùgbọ́n kó má fi ìṣó kan dájọ́ o. Ẹni tó ṣàtúnṣe lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún náà kan ìṣó mọ́ ọn. Ìṣó tó so igi ńlá mọ́ igi ńlá ni kó wò.

Kó tún wo ẹ̀yìn pákó yàrá méjèèjì. Ó lè jẹ́ ìtì igi ló wà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n tò lé ara wọn, tí wọ́n gé orí wọn kí wọ́n lè há mọ́ra ní igun ilé. Àwọn ará Sweden àti Finland tó tẹ̀ dó sí etí odò Delaware ní 1638 ló mú irú iṣẹ́ yẹn wọ ibẹ̀, àwọn tó ń ṣí kiri sì gbé e dé gúúsù. Bó bá jẹ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n là ní ayùn, tí wọ́n sì fi ìṣó kàn pọ̀ ni, ọ̀nà ìkọ́lé tó gbajúmọ̀ láti Chicago ní àwọn ọdún 1830 nìyẹn.

---

Délé, Yábàá:

Àǹtí, ẹ má bínú. Igi ni igi ń jẹ́. Ikán á ti wọ̀ ọ́. Owó tí wọ́n á fi tún un ṣe lè ju iye tí wọ́n rà á lọ. Ẹ jẹ́ kí tọkọtaya náà gbé ibi tó tutù lára.

---

Bàbá Awọnlẹ̀, Sùúrùlérè:

Délé, a gbọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ wó.

Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ètò ilẹ̀ àwọn ara ibẹ̀ sì wù mí. Láti 1785 ni òfin wọn ti ní kí wọ́n gé ilẹ̀ ìjọba sí onígun mẹ́rin: máìlì mẹ́fà ní ìbú, mẹ́fà ní òró. Wọ́n tún gé e sí ọ̀nà 36, ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ éékà 640, ọ̀nà kẹrìndínlógún sì wà fún ilé ìwé. Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ rìn ní Èbúté Mẹ́ta, tó rí bí àwọn òpópónà ṣe gé ara wọn ní igun gígún, á mọ irú ohun tí mò ń wí. Torí náà, bí wọ́n bá ti mọ nọ́ńbà tó wà lórí ìwé ilẹ̀ wọn, wọ́n lè wọ ìkànnì General Land Office, ọ́fíìsì tó kọ ìwé ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀, kí wọ́n rí orúkọ ẹni àkọ́kọ́ tí ìjọba fi ilẹ̀ náà fún, àti ọdún rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n lọ sí ọ́fíìsì Judge of Probate ní olú-ìlú káúńtì. Níbẹ̀ ni Alabama ń kó ìwé ilẹ̀ sí. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ara wọn, kí wọ́n máa bi ìwé léèrè pé ta ló tà á fún ẹni yìí, ta ló tà á fún onítọ̀hún, títí tí wọ́n á fi dé ìdí.

Ìdí náà kò sì dùn. Ilẹ̀ àwọn Creek àti Choctaw, àwọn ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Àdéhùn Fort Jackson ní 1814 gba apá kan, ti 1830 àti 1832 gba èyí tó kù, wọ́n sì lé wọn kọjá odò Mississippi. Àwọn olóko òwú ló wá ń ra ilẹ̀ náà ní dọ́là kan àti sẹ́ǹtì márùndínlọ́gbọ̀n lórí éékà kan, wọ́n sì kó ẹrú wá síbẹ̀.

Kí wọ́n wo ìwé ìkànìyàn. Ní 1850 àti 1860, wọ́n kọ orúkọ àwọn òmìnira, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ẹrú, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àti àwọ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n kọ sábẹ́ orúkọ ẹni tó ní in. Wọn ò kọ orúkọ rẹ̀. 1870 ni orúkọ wọn tó jáde. Bí wọ́n bá rí àwọn èèyàn dúdú tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé olówó ẹrú náà ní 1870 nítòsí ilé yẹn, kí wọ́n fi ojú sí i dáadáa, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwọn tó gbẹ́ igi rẹ̀ nìyẹn. Ìwé 1890 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá iná lọ tán ní 1921, kí wọ́n má wulẹ̀ wá a. Ti 1950 ti wà ní gbangba láti 2022.

---

Ọmọ Pópó Àgùdà:

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí ilé tóóró ẹ̀yìnkùlé, torí òun ló mú mi lọ́kàn jù.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pè é ní ibi ìkẹ́rùsí. Shotgun house ni. Ilé òṣìṣẹ́ oko ni ó máa ń jẹ́ ní àwọn abúlé gúúsù, ẹni tó ń dá oko olóko tó sì ń pín irè pẹ̀lú rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ John Michael Vlach tọpasẹ̀ ilé yìí láti New Orleans lọ sí Haiti, láti Haiti padà sí ilẹ̀ Yorùbá níbí. Ó fi ìwọ̀n yàrá wé ìwọ̀n yàrá. Àwọn èèyàn dúdú òmìnira tó kúrò ní Haiti, tí púpọ̀ wọn gba Cuba dé New Orleans ní 1809, ni ó ní ó mú un wọlé. Àwọn kan ń sọ pé ilẹ̀ tóóró tó wà nínú ìlú New Orleans ló fà á. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi kọ́ ọ láàárín pápá, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní? Ti Vlach ni mo fara mọ́.

Alabama yẹn náà ni ọkọ̀ Clotilda kó àwọn èèyàn bí 110 lọ ní 1860, lẹ́yìn tí òfin ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀ láti 1808. Àwọn tó ń sọ èdè Yorùbá wà nínú wọn. Nígbà tí òmìnira dé, wọ́n fẹ́ padà wálé, owó ọkọ̀ kò sí. Wọ́n ṣiṣẹ́ ní ilé ìlagi, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n tẹ Africatown dó ní Mobile County. Ọ̀kan nínú wọn, Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis, gbé ibẹ̀ títí ó fi kú ní 1935.

Ẹlòmíràn wá sọ́dọ̀ tiwa. Wọ́n bí James Churchwill Vaughan ní Camden, South Carolina, ní 1828. Káfíńtà ni. Ó dé ilẹ̀ Yorùbá ní 1855, ó gbé Ìjàyè, ó gbé Abẹ́òkúta, ó sá dé Èkó ní 1867, ọdún kan náà tí àwọn Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ tó sá wá gba ilẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Èkó ló kú sí ní 1893. Ìyá Bọ́lá, ọ̀nà tí ọwọ́ wa àti ọwọ́ wọn fi kan ara wọn nínú iṣẹ́ igi kì í ṣe kékeré.

Mo mọ ohun tí ẹ ń wí nípa Láfíàjì. Ìlọ́jọ̀ Bar, ilé àtijọ́ kan, wà ní Tinúbú láti 1855. Ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Wọ́n sì wó o ní 2016. Mo dúró níwájú àlàpà rẹ̀, mo sunkún.

---

Ìyá Bọ́lá, Èbúté Mẹ́ta:

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí àbúrò mi létí lórí fóònù. Ó ti wọ abẹ́ ilé. Ìtì igi ni, àmì àáké kún ara rẹ̀, ìṣó onígun mẹ́rin sì ni ó rí níbi tí igi ńlá ti pàdé. Ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló di tọ́ọ̀ṣì mú. Ó ti dá kọngílá yẹn dúró, wọ́n ń lọ sí ọ́fíìsì Judge of Probate lọ́jọ́ Ajé. Ó ní ihò èéfín apá òsì ti ń já, òun fẹ́ fi sìmẹ́ńtì dí i kí òjò tó dé.

---

Káfíńtà Oko Bàbá:

Ẹ pè é báyìí, ẹ ní kó dúró! Bíríkì ìgbà yẹn rọ̀, ẹfun tí wọ́n sun, tí wọ́n wá pò mọ́ yanrìn, ni wọ́n fi mọ ọ́n. Sìmẹ́ńtì òde òní le jù ú lọ. Omi á há sínú bíríkì, ojú rẹ̀ á sì máa bó. Kó wá bíríkìlà tó mọ iṣẹ́ ẹfun. Kí wọ́n ta tapólì bò ó ná. Délé, ti ikán náà ṣe pàtàkì: kí wọ́n gún igi ìsàlẹ̀ pátápátá ní ọ̀bẹ ṣóńṣó, ibi tó bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ ni kí wọ́n pààrọ̀, kí wọ́n fi èyí tó kù sílẹ̀.