Hakeem Ọlájùwọ́n: ṣé ẹ̀sìn ló sọ ọ́ di onírẹ̀lẹ̀ ni àbí bó ṣe wà láti ilé nìyẹn?

Ọmọ Sùúrùlérè:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí ó ti fẹ́ dìjà láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Alẹ́ àná, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu tán ni, ògì ṣì ń gbóná nílẹ̀, la bá ń wo fídíò bọ́ọ̀lù agbọ̀n àtijọ́ lórí fóònù mi, Houston, ẹgbẹ́ Hakeem, àti San Antonio nílẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́dún 1995. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọjọ́ yẹn mọ̀ pé wọ́n kọ́kọ́ gbé àmì ẹ̀yẹ MVP, ti agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù lọ́dún, fún David Robinson ti San Antonio lójú gbogbo èrò San Antonio kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù sókè, Hakeem tóun náà gbà á lọ́dún tó ṣáájú sì wà níbẹ̀ tó ń wò wọ́n. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, 41 pọ́ìntì ló fi dá wọn lóhùn. Á fi èjìká ṣe bíi pé ọ̀tún lòún ń lọ, Robinson á fò, òun á ti yí sósì, bọ́ọ̀lù á ti wọlé kí ọ̀gá yẹn tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bá ní ẹ wò ó bó ṣe ń sáré padà sẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ̀sìn nìyẹn, ẹni tó ń kírun ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ ò lè jọ ara ẹ̀ lójú.

Mo ní rárá o. Àìmọye èèyàn ló ń kírun márùn-ún tí wọn ò ṣeé kí láàárọ̀, lańlọ́ọ̀dù wa gan-an wà níbẹ̀. Èmi gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn òbí ẹ̀ tó ń ta sìmẹ́ńtì l'Ékòó ló ti kó ìwà yẹn dání. A sọ ọ́ títí àkàrà fi tutù. Èwo lẹ rò pó jóòótọ́?

Bíríkìlà Abẹ́òkúta:
Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n yín lèmi wà, wàláì. Ẹ wo oṣù kejì 1995 nìkan. Ààwẹ̀ bọ́ sínú oṣù yẹn, Hakeem ń gbà á, oṣù yẹn náà ni líìgì wọn tún mú un ní agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù lóṣù. Èmi tí mò ń mọ búlọ́ọ̀kù, tó bá ti di aago méjì ọ̀sán nínú ààwẹ̀ tí oòrùn Abẹ́òkúta sì mú bó ṣe máa ń mú, itọ́ tó wà lẹ́nu mi á ti le bíi sìmẹ́ńtì àná, ọmọ iṣẹ́ mi mọ̀ pé òun ò gbọdọ̀ bi mí ní nǹkan kan, kó ṣáà máa po tiẹ̀ lọ. Ẹni tó wá gbààwẹ̀ tó ń sá sókè sódò níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, tó ń bá àwọn tó jẹun yó fara gbún ara, ẹ̀yin ẹ sọ fún mi pé ẹ̀sìn ò kọ́ ọ ní nǹkan kan? Ebi máa ń jẹ́ kéèyàn mọ̀wọ̀n ara ẹ̀ jàre.

Àǹtí Houston:
Àbúrò mi Bíríkìlà, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Lóṣù kejì níbí, oòrùn ti máa ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà kọjá, èyí tó pọ̀ nínú ìdíje alẹ́ sì ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méje ààbọ̀, ó ti lè fi omi àti dàbínù ṣínu nìyẹn kó tó wọlé. Àwọn ìdíje ọ̀sán ọjọ́ Sunday ni kẹ́ ẹ bi mí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le. Kò dín iyì ẹ̀ kù o, mo kàn fẹ́ kó mọ́lẹ̀ ni, torí àwọn kan máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó fi ọgbọ̀n ọjọ́ gbá bọ́ọ̀lù láìfi nǹkan kan kan ẹnu.

Tèmi ni pé mo ti kírun Jímọ́ọ̀ ní mọ́ṣáláṣí tó wà láàárín ìlú Houston níbí. Báńkì ni ilé yẹn tẹ́lẹ̀, wọ́n ti kọ́ ọ láti 1928, àwọn òpó iwájú ẹ̀ ga débi pé kéèyàn gbórí sókè títí ọrùn á fi dùn ún. Hakeem ló rà á lọ́dún 1994, ọdún tó kọ́kọ́ gba ife, tí gbogbo ìlú ń pariwo orúkọ ẹ̀. Orúkọ ẹ̀ kọ́ sì ni mọ́ṣáláṣí yẹn ń jẹ́. Lọ́dọ̀ wa nílé ńkọ́? Ẹni tó bá fi ọkọ̀ yẹ̀pẹ̀ kan ṣoṣo ràn wọ́n lọ́wọ́ láti kọ́ ibi ìṣàlùwàlá, wọ́n á gbẹ́ orúkọ ẹ̀ sára ògiri pẹ̀lú orúkọ ìyàwó.

Ẹ ẹ̀ tíì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ bàtà. Lásìkò táwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń ta bàtà tówó ẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún dọ́là, ilé iṣẹ́ Spalding ni Hakeem bá dòwò pọ̀, nǹkan bíi dọ́là 35 ni wọ́n sì ń ta tiẹ̀. Ó ní báwo ni ìyá tálákà tó lọ́mọ mẹ́ta ṣe fẹ́ ra èyí tó wọ́n. Mo mọ àwọn ọmọ tó wọ bàtà yẹn, wọ́n fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé, kí n má purọ́.

Ẹnuòlábẹ́:
Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí ti fẹ́ sọ ọ́ di wòlíì. Ẹ jẹ́ kí n da omi tútù sí i díẹ̀. Lọ́dún 1986, ìdíje karùn-ún pẹ̀lú ẹgbẹ́ Lakers, Hakeem (Akeem ló ń jẹ́ nígbà yẹn) àti Mitch Kupchak tó ń gbá fún Lakers wọ̀yá ìjà, wọ́n lé àwọn méjèèjì jáde, Ralph Sampson tí wọ́n jọ ń gbá ló sọ bọ́ọ̀lù tó gbé Houston dé àṣekágbá, Hakeem ò sí lórí pápá. Lọ́dún 1992 òun àtàwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ẹ̀ ń bára wọn fà á, ó ní kí wọ́n ta òun. Ṣé onírẹ̀lẹ̀ ló ń ṣe gbogbo ìyẹn? Ẹ̀ẹ́ ní kó tó padà sídìí ẹ̀sìn ni. Irọ́ ni, ìparí àwọn ọdún 1980 ló ti padà sí mọ́ṣáláṣí, 1991 ló sì ti fi H síwájú orúkọ ẹ̀, ìjà 1992 ti bá a nínú àlùwàlá.

Ẹ tún wo ọdún 1996 tí Mahmoud Abdul-Rauf, agbábọ́ọ̀lù Denver, ò dìde dúró sí orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí wọ́n ní kó lọ jókòó sílé. Mùsùlùmí ni, Mùsùlùmí ni Hakeem, ọ̀rọ̀ tí Hakeem sì sọ ni pé ẹ̀sìn ní kéèyàn bọ̀wọ̀ fún òfin ìlú tó ń gbé. Ó dáa, ṣùgbọ́n ta ló san owó ìrẹ̀lẹ̀ nínú àwọn méjèèjì? Ẹni tí gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún, ó rọrùn fún un láti rọra sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tún bi yín, Ọlájùwọ́n, kí nìtumọ̀ ẹ̀? 😂

Bíríkìlà Abẹ́òkúta:
Orúkọ bàbá ẹ̀ nìyẹn, òun kọ́ ló sọ ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò ní jẹ́ ká gbádùn. Pé kéèyàn ní kí wọ́n ta òun kì í ṣe ìgbéraga, tí wọ́n bá ń rẹ́ ẹ jẹ níbi iṣẹ́ ṣé ẹ máa dúró kẹ́ ẹ máa rẹ́rìn-ín? Èmi náà ti gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀ nídìí iṣẹ́ rí, mo sì gbààwẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Kúnlé Bucks:
Ẹ fi Hakeem sílẹ̀ ná, ọmọ wa Giannis Adétòkunbọ̀ ńkọ́, tí àwọn Gíríìkì kọ orúkọ ẹ̀ títí a ò fi dá a mọ̀ mọ́. Kirisẹ́nì nìyẹn. Nígbà àṣekágbá 2021 tó ń gbá fún Milwaukee Bucks, wọ́n bi í nípa ìgbéraga, ó ní tóun bá ń ronú nípa ohun tóun ti ṣe sẹ́yìn ìgbéraga ni, tóun bá ń ronú nípa èyí tóun máa ṣe lọ́la ìgbéraga náà ni, pé báyìí tóun wà yìí lòun ń gbájú mọ́, ìyẹn ni ìrẹ̀lẹ̀. Kò pẹ́ ló fi 50 pọ́ìntì gba ife mọ́ Phoenix lọ́wọ́. Ẹ sọ fún mi, ilé ló ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn àbí ṣọ́ọ̀ṣì?

Ẹnuòlábẹ́:
Kúnlé, ọmọ yẹn kan náà ló sọ 64 pọ́ìntì sáwọ̀n Indiana nínú oṣù kejìlá 2023 tó wá sáré tẹ̀ lé wọn gba ọ̀nà tó lọ sí yàrá ìmúra wọn nítorí bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi gbá ìdíje yẹn. Bọ́ọ̀lù o! Ẹni tó lówó láti ra ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bọ́ọ̀lù. Mi ò ní kò níwà o, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, mo kàn ń sọ pé èèyàn ni gbogbo wọn.

Kúnlé Bucks:
Hmm. Mo gbàgbé ti bọ́ọ̀lù yẹn.

Àǹtí Houston:
Ẹnuòlábẹ́, òótọ́ lẹ sọ nípa Abdul-Rauf, ó dun àwa náà níbí nígbà yẹn, mi ò sì ní í gbèjà ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìjà tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yẹn, èmi gbà pé òun ló gbe ẹ̀gbọ́n Ọmọ Sùúrùlérè lẹ́yìn. Ẹni tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́dún 1986 ló ń wo Robinson jẹ́ẹ́ lọ́dún 1995. Nǹkan kan ló ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà yẹn.

Ọmọ Sùúrùlérè:
Ẹ ṣé gan-an. Àǹtí, ibẹ̀ lẹ ti mú mi o, mi ò mọ̀ nípa ìjà Kupchak tẹ́lẹ̀. Àmọ́ mi ò tíì gbà tán. Lọ́dún 1980 tó kọ́kọ́ dé Houston, kò sẹ́ni tó wá pàdé ẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú, ìgbà tó pe iléèwé wọn wọ́n ní kó wọ takisí máa bọ̀. Ọmọ tó ga tó àjà ilé, tí ò mọ ẹnì kan nílùú yẹn, ló bá wọ takisí lọ. Kò tíì sí mọ́ṣáláṣí kankan nínú ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn, ẹ̀kọ́ ilé lèmi rí níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ka gbogbo ẹ̀ láti ẹ̀yìn mi, ó ní kò sí ibòmíì tó máa sùn lóru ọjọ́ yẹn ni kò ṣe bínú. Ó ní lẹ́yìn ìṣínu alẹ́ òní, Lakers 1986 la máa wò.